Nọ́ńbà Orí Ìwé Àyẹ̀wò Kọ́ Ni Gbogbo Ọ̀rọ̀ Ẹ̀jẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé ìròyìn yìí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ dá lórí àtẹ tí ẹ tẹ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí ń múra ìdánwò sílẹ̀, èyí tí ó to àwọn àrùn ẹ̀jẹ̀ sí apá kan, tí ó to àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí apá kejì, tí ó sì kọ ẹ̀rọ̀ oògùn kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N kò rí irọ́ kankan nínú àtẹ náà. Òótọ́ ni pé protamine ni ẹ̀rọ̀ heparin, òótọ́ sì ni pé fítámì K ni ẹ̀rọ̀ warfarin. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá há àtẹ yìí sórí yóò dáhùn ìlà àkọ́kọ́ nínú ìbéèrè, ìlà kejì ni yóò sì gbé e ṣubú, nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ohun tí nọ́ńbà orí ìwé àyẹ̀wò ń sọ àti ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara máa ń yà fún ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí wọ́n ti yà gan-an sì ni àwọn tí ń ṣètò ìdánwò fẹ́ràn láti lúgọ sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ránnilétí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì. N kò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ bá ya, yóò kọ́kọ́ fún ara rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ègé kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní platelet yóò lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́, purotéènì kan tí ó ń jẹ́ von Willebrand factor ni yóò sì dì wọ́n mú níbẹ̀. Nígbẹ̀yìn ni àwọn èròjà amú-ẹ̀jẹ̀-dì, tí à ń pè ní factor, tí a sì fi nọ́ńbà Róòmù sọ lórúkọ, yóò máa jí ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí thrombin yóò fi sọ fibrinogen di fọ́nrán fibrin tí yóò so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àyẹ̀wò méjì ni a fi ń ka àkókò tí omi ẹ̀jẹ̀ (ẹ̀jẹ̀ tí a ti yọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kúrò) ń lò kí ó tó dì nínú ìgò: àyẹ̀wò PT ń wo ọ̀nà tí factor VII wà; àyẹ̀wò aPTT ń wo ọ̀nà tí factor XII, XI, IX àti VIII wà; ọ̀nà méjèèjì sì pàdé ní factor X, V, II àti fibrinogen. INR kò ju PT lọ, ìṣirò ni a ṣe sí i kí èsì ilé àyẹ̀wò kan lè bá ti òmíràn mu.

Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà gbọ́ ni pé inú ìgò àyẹ̀wò ni ọ̀nà méjì yìí ti yà tó bẹ́ẹ̀. Nínú ara, tissue factor, purotéènì tí ẹ̀jẹ̀ ń bá pàdé níbi ọgbẹ́, àti factor VIIa, ìyẹn factor VII tí ó ti jí, máa ń jí factor IX bí wọ́n ṣe ń jí factor X, ìyẹn ni pé ọ̀nà kìíní ń bọ́ sínú ọ̀nà kejì. Ìdí nìyí tí aPTT ẹni tí kò ní factor XII fi lè gùn lọ rẹrẹ, síbẹ̀ tí a ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un tí kò ní ṣẹ̀jẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ, nígbà tí ẹni tí factor VIII rẹ̀ kò tó, ìyẹn alárùn haemophilia A, yóò máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò àwọn méjèèjì lè jọra, ayé wọn kò jọra rárá.

Ẹ wá wo aPTT tí ó gùn níbi tí PT àti iye platelet ti wà bó ṣe yẹ. Ìbéèrè yìí kì í wọ́n nínú ìdánwò. Ó lè jẹ́ ọmọkùnrin tí orúnkún rẹ̀ wú lẹ́yìn eré bọ́ọ̀lù, tí arákùnrin ìyá rẹ̀ náà sì ti ní irú rẹ̀ rí. Ó lè jẹ́ obìnrin tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ léraléra, tí ẹ̀jẹ̀ sì ti dì sí i lẹ́sẹ̀ rí. Ó sì lè jẹ́ aláìsàn tí ara rẹ̀ dá pérépéré, tí ó kàn jẹ́ pé inú rọ́bà tí wọ́n ti fi heparin fọ̀ ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò tí ó ń ya àwọn méjì àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ rọrùn: a ó po omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn mọ́ omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le ní ìwọ̀n kan náà, a ó sì tún aPTT ṣe. Bí ó bá padà sí bó ṣe yẹ, èròjà kan ni kò tó, ẹni tí ara rẹ̀ le sì ti bá a dí àlàfo náà. Bí kò bá padà, ohun kan ń bẹ nínú omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà tí ó ń ta ko àyẹ̀wò. Lára obìnrin tí mo sọ yìí, èròjà agbóguntàrùn kan ló ń di àwọn ọ̀rá phospholipid tí àyẹ̀wò náà nílò mú, tí dídì fi ń pẹ́ nínú ìgò; nínú ara rẹ̀, èròjà yìí kan náà ló ń ti ẹ̀jẹ̀ láti dì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rí aPTT gígùn tí ó sì sáré mú ìdáhùn tí ó ní kí a fa omi ẹ̀jẹ̀ sí i lára ti gba ọ̀nà òdìkejì, nítorí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni obìnrin náà nílò. Bí a bá sì fi heparin sí i lára, aPTT kò wúlò mọ́ láti fi mọ̀ bóyá ó ti tó. Iṣẹ́ tí heparin ń ṣe lórí factor Xa ni kí a wọ̀n.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà. Ẹni tí ó ń lo aspirin lójoojúmọ́ lè ṣẹ̀jẹ̀ láti inú ikùn títí tí ojú rẹ̀ yóò fi funfun, kí PT àti aPTT rẹ̀ má yí padà, kí iye platelet rẹ̀ sì pé, nítorí pé iṣẹ́ platelet ni aspirin bà jẹ́, kò sì fọwọ́ kan iye rẹ̀. Ìbàjẹ́ náà kì í sì í tán lára platelet náà títí yóò fi kú, ní nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10. Àrùn von Willebrand, tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àrùn ìṣẹ̀jẹ̀ àjogúnbá, lè ṣe bákan náà: ẹ̀jẹ̀ imú, ẹ̀jẹ̀ erìgì, nǹkan oṣù tí ó pọ̀ jù, tí ìwé àyẹ̀wò sì lè mọ́ tónítóní.

Warfarin ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí pé òun ló ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà jù. Ẹ̀dọ̀ nílò fítámì K kí ó tó lè parí iṣẹ́ lórí factor II, VII, IX àti X; bí ó bá sì ti lo fítámì náà tán, enzyme kan ni yóò tún un ṣe kí ẹ̀dọ̀ lè tún un lò. Enzyme yìí ni warfarin ń dí lọ́wọ́. Nítorí náà, àwọn tuntun tí ẹ̀dọ̀ bá ṣe kò ní lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí aláìsàn tó gbé oògùn àkọ́kọ́ mì, warfarin kò ní ohunkóhun í fi wọ́n ṣe; a ní láti dúró kí wọ́n fúnra wọn gbó kí wọ́n sì tán, kálukú ló sì ní ìgbà tirẹ̀. Láàárín nǹkan bí wákàtí 6, ìdajì factor VII ti lọ. Factor II, tí í ṣe prothrombin, á gbà tó wákàtí 60 sí 72 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. PT ni a fi ń ṣírò INR, àìtó factor VII sì ni PT kọ́kọ́ máa ń fi hàn. Ẹ ti rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, INR lè ti gòkè dé 2, tí í ṣe ibi tí a fẹ́ kí ó dé, orí ìwé yóò dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí, nígbà tí prothrombin ṣì kún inú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì lè di thrombin nígbàkígbà.

Ó tún kù. Purotéènì C àti S, tí wọ́n jẹ́ ìjánu tí ara fi ń fa dídì ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn, nílò fítámì K bákan náà, nǹkan bí wákàtí 8 péré ni ìdajì purotéènì C sì ń lò kí ó tó lọ. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yìí, ìjánu ti já, ẹṣin ṣì wà lórí eré. Lára ẹni tí purotéènì C rẹ̀ ti kéré láti ìbí, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú awọ lè dí, kí awọ ọmú tàbí ti itan dúdú kí ó sì kú, lẹ́yìn oògùn tí a fún un kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà dì. Ìdí nìyí tí a fi ń fún aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ ti dì lára rẹ̀ ní heparin pọ̀ mọ́ warfarin fún ó kéré tán ọjọ́ 5, tí a kò sì ní dá heparin dúró títí INR yóò fi pé 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wákàtí 24. Bí ìbéèrè bá wá sọ pé ọjọ́ kẹta nìyí, INR jẹ́ 2.3, ṣé kí a dá heparin dúró, ọjọ́ tí wọ́n dá nínú ìbéèrè náà ni ìdáhùn wà. Nọ́ńbà 2.3 wà láàárín 2 sí 3 tí gbogbo àtẹ ń kọ, ó sì jẹ́ ìdẹkùn.

Ìtàn bí a ṣe mọ oògùn yìí pàápàá ní ìdádúró yìí nínú. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn màlúù ní Kánádà àti ìhà àríwá Amẹ́ríkà ń ṣẹ̀jẹ̀ títí wọ́n fi ń kú, lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ koríko sweet clover tí ó ti bu fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n jẹ ẹ́ ni wọ́n ń ṣubú. Àwọn oníwádìí tí Karl Paul Link ṣáájú wọn ní Yunifásítì Wisconsin ni wọ́n yọ èròjà tí ó fà á jáde. Láti inú iṣẹ́ yìí ni warfarin ti wá, wọ́n kọ́kọ́ tà á gẹ́gẹ́ bí oògùn eku ní 1948, wọ́n sì fọwọ́ sí i fún ènìyàn ní 1954. Heparin ti ṣáájú rẹ̀ dáadáa: ní 1916 ni Jay McLean, tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nígbà náà ní Johns Hopkins, rí i pé ohun kan tí òun yọ láti inú ẹ̀dọ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwọn ni.

Bí a bá ti mọ ìgbà tí oògùn ń lò, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ̀ kò tún ní le mọ́. Heparin ń di antithrombin, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí ń dá dídì dúró, mú, ó ń mú kí ó yára pa thrombin àti factor Xa, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ bí a bá fà á sínú iṣan. Láàárín wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀, ìdajì rẹ̀ ti lọ, nítorí náà bí ìṣẹ̀jẹ̀ náà kò bá le, kí a dá a dúró lè tó. Bí ó bá le ni a ó lo protamine, miligíráàmù 1 fún ẹyọ heparin 100, ohun tí a fún un ní wákàtí díẹ̀ tí ó kọjá nìkan ni a ó sì ṣírò. Enoxaparin, irú heparin kan tí a gé kúrú, pẹ́ jù ú lọ, kíndìnrín ló ń gbé e jáde, apá kan iṣẹ́ rẹ̀ nìkan sì ni protamine lè pa. Ní ti warfarin, bí a bá tilẹ̀ fa fítámì K sínú iṣan, ẹ̀dọ̀ ṣì ní láti jókòó ṣe èròjà tuntun, wákàtí púpọ̀ ni yóò sì kọjá kí a tó rí ipa rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya sí nínú ọpọlọ kò ní wákàtí yẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń fún un ní àkójọ èròjà tí ó ní factor II, VII, IX àti X nínú, èyí tí ń ṣiṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, pẹ̀lú fítámì K, kí INR má baà tún gòkè nígbà tí èyí tí a fà sí i lára bá tán. Ẹni tí INR rẹ̀ jẹ́ 6 tí kò sì ṣẹ̀jẹ̀ rárá, ní tirẹ̀, kí a dá oògùn dúró díẹ̀ kí a sì tún àyẹ̀wò ṣe ló sábà máa ń tó. Lẹ́ẹ̀kan sí i, nọ́ńbà tí ó ga jù kọ́ ló ń pinnu ìtọ́jú. Bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jáde ni. (Kí àwọn òǹkàwé tí ń lo warfarin nílé má torí lẹ́tà yìí yí òṣùwọ̀n oògùn wọn padà o, ọ̀dọ̀ dókítà wọn ni ọ̀rọ̀ náà wà.)

Níbi platelet tí ó kéré ni àtẹ yín ti kùnà jù, ní èrò tèmi. Ó kọ ọ́ pé platelet kéré nínú ITP, TTP, DIC àti nínú ìṣòro tí heparin ń fà, tí à ń pè ní HIT, ó sì fi wọ́n sí ojú kan bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Nínú ITP, níbi tí ara ti ń bá platelet tirẹ̀ jà, platelet nìkan ni ó lọ sílẹ̀, ìṣẹ̀jẹ̀ sì ni ìbẹ̀rù wa. Nínú DIC, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dì káàkiri ara, ohun gbogbo ni ó ń tán lẹ́ẹ̀kan náà: PT àti aPTT gùn, fibrinogen lọ sílẹ̀, D-dimer, ègé tí fibrin ń dà bí ó bá ń fọ́, gòkè, kò sì sí ìtọ́jú tí ó ju pé kí a mú ohun tí ó fà á kúrò. Ṣùgbọ́n nínú TTP, PT àti aPTT wà bó ṣe yẹ, nítorí pé kò sí èròjà amú-ẹ̀jẹ̀-dì kan tí ń tán. Enzyme ADAMTS13 tí ó yẹ kí ó máa gé von Willebrand factor sí wẹ́wẹ́ ni kò sí, tí fọ́nrán gígùn rẹ̀ fi ń kó platelet jọ káàkiri ọpọlọ àti kíndìnrín, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tí ń kọjá sì ń fọ́ sára wọn. Pípààrọ̀ omi ẹ̀jẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀, kíákíá sì ni. Kí a máa fa platelet sí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lára láìsí ìṣẹ̀jẹ̀ tí ó fẹ́ gba ẹ̀mí jẹ́ kí a kó igi sí iná.

HIT ló ń kó gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ jọ. Ọjọ́ 5 sí 10 lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ heparin, platelet á já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Bí aláìsàn bá ti gba heparin ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ó lè má tó ọjọ́ kan. Èròjà agbóguntàrùn ló ti mú heparin àti purotéènì platelet kan tí ó ń jẹ́ PF4 pọ̀, tí ó sì ń jí platelet láti dì. Aláìsàn náà kì í sábà ṣẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò wú, tàbí kí èémí rẹ̀ gé nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó dì tí ó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, nígbà tí ìwé àyẹ̀wò ń sọ pé platelet rẹ̀ kò tó. Ìdáhùn tí ó ní kí a dá heparin dúró nìkan kò pé, nítorí pé iná náà ṣì ń jó. Oògùn mìíràn tí kì í ṣe heparin, bí argatroban tàbí bivalirudin, ni a gbọ́dọ̀ fi rọ́pò rẹ̀. Ìdáhùn tí ó ní kí a yí i sí warfarin lójú ẹsẹ̀ burú jù ú lọ, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì rántí purotéènì C kò ní béèrè ìdí: a kì í bẹ̀rẹ̀ warfarin títí platelet yóò fi padà sí nǹkan bí 150,000 nínú máíkírólítà kan, kí ẹsẹ̀ tí ó ti wú má baà kú.

Àwọn oògùn tuntun kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Apixaban, rivaroxaban àti edoxaban ń dí factor Xa lọ́wọ́, dabigatran ń dí thrombin, wákàtí díẹ̀ sì ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Síbẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì lára ènìyàn, a lè fi apixaban tàbí rivaroxaban bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láti ọjọ́ kìíní, nígbà tí edoxaban àti dabigatran ń fẹ́ kí abẹ́rẹ́ heparin ṣáájú wọn fún ó kéré tán ọjọ́ 5. INR kò lè sọ bí apixaban ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, PT tí ó wà bó ṣe yẹ kò sì sọ pé kò sí níbẹ̀. Kíndìnrín ló ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú dabigatran jáde, nítorí náà ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀ lórí òṣùwọ̀n tí kò pa ẹlòmíràn lára. Ẹni tí wọ́n fi fáàfù irin sí ọkàn rẹ̀, warfarin ni tirẹ̀. Aboyún ńkọ́? Warfarin ń kọjá lára ibi ọmọ, ó sì lè ba egungun àti imú ọmọ inú jẹ́. Heparin kì í kọjá.

Olóòtú, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan fún àwọn tí ń ṣètò ìdánwò, bí wọ́n bá ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ìbéèrè tí ó kàn ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ ẹ̀rọ̀ heparin kò yàtọ̀ sí pé kí wọ́n ní kí ó ka orúkọ oṣù inú ọdún. Kí wọ́n sọ ọjọ́ tí oògùn bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sọ bí kíndìnrín ṣe rí, kí wọ́n sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jáde tàbí ó ń dì, kí wọ́n wá fi nọ́ńbà sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ bá a jà. Ní tiyín, bí ẹ bá fẹ́ tún àtẹ náà tẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òpó mẹ́ta kún un: wákàtí tí oògùn kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti èyí tí ó ń parí, ẹ̀yà ara tí ń gbé e jáde, àti àyẹ̀wò tí a kò gbọ́dọ̀ gbà gbọ́ nígbà tí aláìsàn bá ń lò ó. Bí àyè kò bá tó, ẹ yọ òpó ẹ̀rọ̀ kúrò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti há ìyẹn sórí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀ kan